Òrànwú Tí Ìwé Gba Ọkọ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Àwọn ènìyàn kan wà tí a dá ìríra mọ́, bí a ti dá ohùn dídùn mọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àbúrò mi, ọmọ àbúrò bàbá mi, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ó bá fẹ́ wọ yàrá, imú rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ wọlé. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò fa imú lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì yọ ṣùtì sí ohun tí àwa yòókù kò tíì rí: aṣọ ìnulẹ̀ tí a ká jọ ní tútù, omi ọjọ́ mẹ́ta nínú ìgò òdòdó, irọ́ tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tán. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ máa ń wí pé, “Ta ni yóò fẹ́ ọ, ìwọ tí o ń gbóòórùn ọ̀rọ̀ kí a tó sọ ọ́?” Ẹnìkan fẹ́ ẹ. Ohun tí ó mú mi kọ ìtàn yìí ni pé ìwé kan wá sọ, lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, pé ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ẹ rí.

Iṣẹ́ òwú ni ó ń ṣe. Kì í tà á. Ríran ni ó ń ran án. Ó wọ ilé iṣẹ́ òwú nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú gbọ̀ngàn gígùn kan tí ẹ̀rọ tò sí ní ìlà mẹ́rìnlá, tí ariwo rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ka ọ̀rọ̀ lórí ètè ara wọn. Irinwó ìrànwú ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Yóò máa rìn láàárín wọn, lọ sí bọ̀, yóò máa wo èyí tí òwú rẹ̀ já. Bí ó bá rí i, yóò fi àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀lé e mú orí méjèèjì, yóò yí wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òwú yóò sì máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Òwúkìíjá. Àwọn aláwàdà inú wọn a máa fi kún un pé kì í jowú, òwú rẹ̀ ni kì í já.

Ìyípọ̀ yẹn, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ti fá àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ tán. Ó dán bí inú ìkarahun. Ó máa ń fi í nu ojú tábìlì mi láti mọ̀ bóyá mo ti nù ún. Ó ní awọ ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé eruku kò lè sá pamọ́ fún un.

Atúnrédíòṣe ni ọkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ó máa ń fọwọ́ kí ó tó jẹun, tí ó tún ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí ó bá jẹun tán, tí ó sì máa ń to àwọn ìdè kékeré inú rédíò sí orí aṣọ funfun bí eyín ọmọ. Mo gbàgbọ́ pé òun nìkan ni ọkùnrin tí àbúrò mi kò yọ ṣùtì sí rí. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí kò dúró. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú ilé ìdáná kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, nínú ilé tí ó jẹ́ ti Àjọ Ilé. Orúkọ ọkọ ni ó wà lórí káàdì ẹnu ọ̀nà. Òfin Àjọ sì ni pé bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí káàdì bá kú, ìyàwó tí òfin mọ̀ ni yóò máa gbé ibẹ̀ lọ. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí yàrá ṣófo láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Ọkọ náà kú ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, lórí àga iṣẹ́ rẹ̀. Rédíò tí ó ń tún ṣe wà níwájú rẹ̀ ní ìhòòhò, ó sì ń sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ni ó wọlé bá a. Ó pa rédíò náà kí ó tó pariwo, ó sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tí ó kọ́kọ́ kórìíra nínú ikú ọkọ òun ni ohùn ọkùnrin tí ń ka ìròyìn lórí òkú.

Lẹ́tà Àjọ dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a sin ín. Wọ́n bá a kẹ́dùn ní ìlà kan, wọ́n sì béèrè ìwé ìgbéyàwó ní ìlà mẹ́rin. Ìwé ìgbéyàwó kò sí mọ́. Páìpù òkè ilé ti bẹ́ ní ọdún kan, omi ti wọ inú àpótí. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ìṣù bébà kan tí ó ń rùn ni wọ́n bá níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fi ìka méjì mú un lọ síbi ààtàn, pẹ̀lú apá nínà, bí ẹni tí ó mú òkú eku ní ìrù. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀, wọ́n sọ fún un pé ìwé ńlá ọdún yẹn wà níbìkan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ibìkan náà ti fẹ̀yìntì. Ó ku ohun kan: kí ó lọ búra sínú ìwé pé ìyàwó ọkùnrin náà ni òun.

Lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ ni ọkùnrin kan jókòó sí, pẹ̀lú tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti bíríkì kan tí ó rọ́pò ẹsẹ̀ kẹrin. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí Akọ̀wé Abẹ́ Àtẹ̀gùn. Ẹ ó sọ ọ́ fún un ní Yorùbá, yóò sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn tí ó wà lókè àtẹ̀gùn ń kà. Kì í ṣe òpùrọ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Àìsàn kan ṣoṣo ni ó ń ṣe é: kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kékeré. Ó ní ìwé atúmọ̀ èdè kan tí èèpo rẹ̀ ti lọ, tí ó dàgbà ju bàbá rẹ̀ lọ, tí ó sì ń fi okùn bàtà dè. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé bí ẹ bá ní kí ó kọ pé òjò rọ̀, ìwé náà yóò tutù kí ó tó débẹ̀.

“Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Ìyá?” ni ó bi àbúrò mi.

“Òrànwú ni mí.”

“Òrànwú.” Ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò. “Ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ kan wà fún un tó wúwo.”

“Ṣé ẹ ò lè kọ pé mo ń ran òwú ni?”

“Ìyá, ìwé ìbúra kì í ṣe lẹ́tà sí ọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ ká wọ aṣọ iyì fún un.”

Ó tú okùn bàtà, ó ń ṣí ewé. Ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ó dúró, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí ti ẹni tí ó rí owó nínú ẹ̀wù àtijọ́. Spinster, ni ìwé náà wí: obìnrin tí ń ran òwú. Ìtumọ̀ kejì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ojú ewé náà ti ya. Ó kọ ọ́ síwájú orúkọ àbúrò mi, ó sì fi ìlà kan sí abẹ́ rẹ̀ nítorí ẹwà. Àbúrò mi gun àtẹ̀gùn lọ, ó búra, ó fọwọ́ sí i.

Ẹni tí ó gba ìwé náà ní Àjọ Ilé ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Káàdì, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí ó da lọ́fíńdà sára bí ẹni tí ń pa iná. Gíláàsì wà lórí tábìlì rẹ̀. Èèrà kan ti kú sábẹ́ gíláàsì náà níbi tí ó ti ń rìn, kò sì sí ẹni tí ó ronú láti gbé e kúrò. Nígbà tí àbúrò mi dé iwájú rẹ̀, igi ìtayín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fi í wá nǹkan kan rí láàárín eyín, ó yọ ọ́ síta, ó wò ó, ó sì dá a padà sẹ́nu. Àbúrò mi ní láti ìgbà yẹn ni òun ti mọ̀ pé ohun rere kan kò ní jáde láti orí tábìlì náà.

“Màmá, kí lẹ jẹ́ sí olóògbé?”

“Ìyàwó rẹ̀.”

“Ọdún mélòó?”

“Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.”

“Ẹ sì búra síbí pé ẹ ò lọ́kọ rí.”

“Ta ló búra bẹ́ẹ̀?”

Ó yí ìwé náà sí i, ó sì fi igi ìtayín tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ó gbé igi kúrò, ojú omi kékeré kan ṣẹ́kù sórí bébà.

“Iṣẹ́ mi nìyẹn,” ni àbúrò mi wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára omi náà.

“Àìlọ́kọ niṣẹ́ yín?”

Ẹnìkan lẹ́yìn, lórí ìlà, ní, “Ṣé wọ́n ṣì ń gbani síbẹ̀? Àbúrò ìyàwó mi ń wáṣẹ́.” Ìlà náà rẹ́rìn-ín láti iwájú dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀gá Káàdì kò bínú. Àwọn tí wọ́n jókòó sídìí irú tábìlì yẹn kì í sáà bínú. Ó ṣàlàyé. Ó ní ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà nínú ìwé kan yìí, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́. Bí ó bá jẹ́ pé kò lọ́kọ, kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó lọ́kọ, kí ó wá búra tuntun, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé kan pé èké ni òun búra tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀ ni ọgbọ̀n ọjọ́ yóò pé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ó wá sílé mi. Ó nu àga kí ó tó jókòó, àga tí mo ti nù.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa ń bá ìwé sùn. Kí ni ọ̀rọ̀ yìí?”

Mo sọ fún un pé Akọ̀wé Abẹ́ Àtẹ̀gùn kò ṣìnà. Ó kàn pẹ́ dé ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irinwó ọdún. Nígbà láéláé, ohun tí ọ̀rọ̀ náà wí ni ó túmọ̀ sí: obìnrin tí ń ran òwú. Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tí wọn kò tíì lọ sílé ọkọ ni ó ń fi òwú ríran bọ́ ara wọn. Àwọn akọ̀wé òfin a máa kọ iṣẹ́ síwájú orúkọ: ẹni báyìí, alágbẹ̀dẹ, ẹni báyìí, òrànwú. Nígbà tí ó yá, akọ̀wé kò rí òwú mọ́, obìnrin tí kò lọ́kọ nìkan ni ó ń rí. Òwú bọ́ lára ọ̀rọ̀ náà, àìlọ́kọ ni ó ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Òfin gbà á bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn òfin ni àwọn ẹlẹ́nu ṣáṣá, títí ó fi di obìnrin tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, tí ó gbẹ, tí ẹnikẹ́ni kò mú.

“Ọkùnrin tí kò níyàwó ńkọ́? Kí ni tiẹ̀?”

“Bachelor. Ọ̀dọ́mọkùnrin jagunjagun tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àsíá ẹlòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀.”

“Òun náà gbẹ?”

“Rárá. Yunifásítì ń fi í fúnni lóyè.”

Ó fa imú. Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣí ihò eku máa ń fẹ́ rí ìdí rẹ̀. Mo sọ fún un pé àwọn ará àtijọ́ wọ̀nyẹn ní ìrù kan, -ster, tí wọ́n ń so mọ́ iṣẹ́ obìnrin. Webster ni obìnrin tí ń hun aṣọ, brewster ni obìnrin tí ń pọn ọtí, baxter ni obìnrin tí ń ṣe búrẹ́dì. Àwọn ọkùnrin wá bọ́ sínú iṣẹ́ wọ̀nyí, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ nílẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́. Lónìí, orúkọ ìdílé ni àwọn mẹ́ta yẹn, bàbá ni ó ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ.

“Ẹyọ kan tó ti dọ̀tí ni wọ́n wá fi sílẹ̀ fún wa,” ni àbúrò mi wí.

Mo sọ ti hussy fún un, tí kì í ṣe ohun mìíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ ju ìyá ilé lọ, obìnrin tí kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí tí ó ti di oníṣekúṣe obìnrin, ẹ kò ní sọ ọ́ sí ọmọ ẹlòmíràn kí ẹ sì retí oúnjẹ nílé wọn. Mo sọ ti master àti mistress, ọ̀gá lọ́kùnrin àti ọ̀gá lóbìnrin, tí wọ́n jọ jáde nílé lọ́jọ́ kan náà. Ọkùnrin ṣì jẹ́ ọ̀gá. Obìnrin ti di àlè.

“Ẹ dákẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Èébì ń gbé mi.”

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ó gbé ọwọ́ sí àyà. Ó ní ó dà bí ìgbà tí òun ṣí àpótí lọ́dún tí páìpù bẹ́: ohun tí òun kó pamọ́ ní mímọ́, tí òun gbójú lé, ti ń jẹrà nínú òkùnkùn láìsọ fún òun.

Mo wá fẹ́ fi ti wa tù ú nínú. Mo ní ó yẹ kí á dúpẹ́ fún èdè tí a bí wa sí. “Ó” wa kì í béèrè ẹni tó wọ ṣòkòtò. Mo ní mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ náà kò sì wo abẹ́ aṣọ mi. Òrànwú kò sọ bóyá akọ ni tàbí abo, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ẹni tí ó sùn tì í. Inú mi ń dùn sí ara mi bí mo ti ń sọ ọ́.

“Dálémosú ńkọ́?” ni ó wí.

“Èwo ni ti dálémosú?”

“Obìnrin tó fi ilé ọkọ sílẹ̀, tó padà sílé bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tí ìyàwó fi sílẹ̀, tó padà sílé bàbá rẹ̀, kí ni wọ́n ń pè é?”

Mo ronú títí ẹ̀fọ́ mi fi jóná lórí iná. Mo ṣì ń ronú.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ibi ẹ̀rọ omi àgbàlá. Obìnrin ilé kejì, tí wọ́n ti jọ ń pọnmi fún ọdún mẹ́sàn-án, gbé garawa rẹ̀ sábẹ́ omi, ó ní, “A ò mọ̀ pé àlè lásán ni Ìyá, àwọn tó máa ń yọ ṣùtì sí garawa wa.” Àbúrò mi wo inú garawa náà. “Garawa yín ṣì dọ̀tí,” ni ó wí, ó sì dúró de omi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, mo sì rí i pé kò rántí nu etí garawa tirẹ̀ kí ó tó gbé e. Nínú yàrá, ó ti di ìdajì ẹrù rẹ̀ jọ. Tábìlì iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Aṣọ funfun ṣì wà lórí rẹ̀, àwọn ìdè kéékèèké sì tò síbẹ̀ bí ó ti fi wọ́n sílẹ̀.

“Bí mo bá fọwọ́ sí i pé èké ni mo búra,” ni ó bi mí, “ilé á dúró?”

“Á dúró.”

“Á sì wà nínú ìwé títí láé pé òpùrọ́ ni mí.”

“Á wà níbẹ̀.”

“Nítorí pé mo sọ iṣẹ́ mi.” Ó mú aṣọ ìnulẹ̀, ó ń nu ibi tí kò dọ̀tí.

Àwa mẹ́ta ni a lọ ní ọjọ́ Ẹtì: òun, èmi, àti Akọ̀wé Abẹ́ Àtẹ̀gùn, tí ojú ti tì débi pé ó pa tábìlì rẹ̀ tì, tí ó gbé atúmọ̀ èdè rẹ̀ sábẹ́ abíyá. Ọ̀gá Káàdì ti tẹ́ ìwé méjì sílẹ̀ de wá. Ọ̀kan ni ìbúra tuntun, èyí tí Àjọ fúnra rẹ̀ tẹ̀. Mo kà á. Níwájú orúkọ ọkùnrin, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́. Níwájú orúkọ obìnrin, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀ kí a fa ìlà sí méjì nínú wọn: kò lọ́kọ, ó lọ́kọ, opó. Ìwé kejì ni ìjẹ́wọ́ èké, ìlà méjì péré.

“Ẹ fi opó sílẹ̀ níbí, ẹ fọwọ́ sí èyí, ẹ máa lọ sílé yín, Màmá.”

“Opó ni mí. Màá fọwọ́ sí ìyẹn. Èké dà?”

“Èyí tẹ́ ẹ búra níjọsí.”

“Mo ní mo ń ran òwú. Mo ń ran án. Aago méjì òní ni màá tún wọlé ran án.”

Akọ̀wé Abẹ́ Àtẹ̀gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. “Ọ̀gá, ọrùn mi ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà. Ìtumọ̀ àtijọ́ ni mo lò.”

“Ọ́fíìsì yìí ò ní àtijọ́.” Igi ìtayín rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ sí èkejì. “Màmá, ilé lẹ fẹ́ àbí ọ̀rọ̀?”

“Ilé ni mo fẹ́. Ọ̀rọ̀ yín ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.”

Ó mú kálàmù. Ó fa ìlà sí ọ̀rọ̀ méjì, ó fi opó sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti ń lọ sórí ìwé kejì, mo sì mọ̀ pé yóò fọwọ́ sí òun náà, nítorí pé tábìlì ọkọ rẹ̀ wà nínú yàrá yẹn. N kò lè wò ó. Èèrà abẹ́ gíláàsì ni mo ń wò.

“Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́ ìbúra tuntun yìí,” ni Ọ̀gá Káàdì wí. “Ẹni tí ìbúra rẹ̀ bá ti ní wàhálà gbọ́dọ̀ tẹ̀ka.”

Ó ti páàdì tàdáwà sí i. Páàdì náà rùn. Irun ẹnìkan wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi fa irun náà kúrò kí ó tó ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó jáde jẹ́ àmì dúdú kan, ó rí roboto, kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀.

“Ẹ tún un tẹ̀.”

Ó tún un tẹ̀. Dúdú, roboto. Ẹ̀ẹ̀kẹta rí bákan náà.

“Ìka yín ò ní ìlà.”

“Kò ní.”

“Kí lẹ fi pa á? Àwọn ọ̀daràn ló máa ń pa ìlà ìka.”

Ó na ọwọ́, ó di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, ó gbé e sábẹ́ iná. Mo rí bí gbogbo ara àbúrò mi ti fà sẹ́yìn kúrò lára ọwọ́ náà, tí ó tutù, tí ó sì ń gbóòórùn lọ́fíńdà; ṣùgbọ́n kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó wo nǹkan kan lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ìwé.

“Kí ló fá a báyìí?”

“Òwú.”

“Òwú wo?”

“Èyí tí mo ń ran. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.”

Ní ìsàlẹ̀ ìwé Àjọ, òfin kan wà ní lẹ́tà wẹ́wẹ́: bí ìtẹ̀ka bá ní àléébù, kí òṣìṣẹ́ kọ ìdí rẹ̀ sí etí ìwé ní ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀gá Káàdì jẹ́ ẹni tí ń pa òfin mọ́, èyí ni mo gbọ́dọ̀ sọ nípa rẹ̀. Ó mú kálàmù, ó kọ ọ́ wẹ́wẹ́ sí etí, ó sì fi òǹtẹ̀ kékeré lù ú.

Akọ̀wé Abẹ́ Àtẹ̀gùn ti fi ogún ọdún ka ìwé ní ìdoríkodò lórí tábìlì àwọn ọ̀gá. Ó na ọrùn. Ó kà á jáde fún wa ní Yorùbá, jẹ́jẹ́, bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí: “‘Àtàǹpàkò kò ní ìlà, nítorí pé obìnrin yìí ti ń ran òwú láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.’” Ó gbé atúmọ̀ èdè rẹ̀ sórí gíláàsì, ó tú okùn bàtà, ó ṣí i sí ojú ewé tó ya. “Ọ̀gá, obìnrin tó bá ti ń ran òwú láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ bá mi wo ohun tí ìwé yìí pè é. Ìlà kẹrin.”

Ọ̀gá Káàdì wo ìlà kẹrin. Ó wo ìbúra àkọ́kọ́, níbi tí ọ̀rọ̀ náà wà pẹ̀lú ìlà ẹwà lábẹ́ rẹ̀. Ó wo etí ìwé tuntun, níbi tí ọwọ́ tirẹ̀ ti jẹ́rìí sí ohun kan náà. Ó yọ igi ìtayín lẹ́nu, ó wá ibi tí yóò gbé e sí, kò rí i. Ìwé ìjẹ́wọ́ èké ni ó fi nù ún. Ó ká ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì lu òǹtẹ̀ ńlá mọ́ ìbúra tuntun náà, ó fún àbúrò mi ní ẹ̀dà rẹ̀.

“Ẹ kú àṣẹ̀yìndè olóògbé, Màmá,” ni ó wí, kò gbé ojú sókè. “Ẹlòmíràn.”

Níta, mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé Abẹ́ Àtẹ̀gùn ń rẹ́rìn-ín tirẹ̀. Ó ní kí a jẹ́ kí òun mọ bí ó bá tún ku ìwé kankan tí a fẹ́ kọ, òun kò ní gba nǹkan kan.

“Ẹ lọ wá ìdajì tó kù lára ojú ewé yẹn,” ni àbúrò mi dá a lóhùn. “Kí ẹ tó pa ẹlòmíràn.”

Ó yọ áńkáṣífù, ó nu àtàǹpàkò rẹ̀. Tàdáwà náà lọ ní ìnù kan, nítorí pé kò rí ìlà tí yóò sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà ni ó ka ìwé náà fúnra rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí ó gbọ́ ń tọ́ ọ sọ́nà. Ní ojú ìwé, opó. Iṣẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà ní etí, níbi tí wọ́n ń kọ àléébù sí, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́.

Ó fa imú lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka méjì mú ìwé náà ní igun, ó na apá, ó nawọ́ rẹ̀ sí mi.

“Ẹ bá mi gbé e sílé, Ẹ̀gbọ́n. Ó ń rùn.”

Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù. Ó kọjá sí òdì kejì títì, ó gba ọ̀nà ilé iṣẹ́ òwú lọ.